Híjáàbù àti Aṣọ Akọrin Nínú Kíláàsì Kan

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, ọdún 2016, Adájọ́ Jide Falola dájọ́ pé ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè lo híjáàbù ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Ọ̀ṣun. Kò pẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kìrìsìtẹ́nì kan, láti fi tako ìdájọ́ náà, fi gbé aṣọ akọrin ìjọ wọ̀ sórí yúnifọ́ọ̀mù wá sí Baptist High School, Ìwó, tí kò jìnnà sí wa ní Ara. Àwọn kan ní ìjọ ló kọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà. Òótọ́ ni, a ò sì gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìjọba ti gba irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ láti 1975, owó gbogbo ìlú ló sì ń san owó oṣù olùkọ́. Ta ló wá ku tí a ó lé sẹ́yìn?

Àwọn mìíràn ní kí oníkálukú kọ́ tirẹ̀, bí ẹgbẹ́ Mùsùlùmí Ansar-Ud-Deen ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe l'Ékòó lẹ́yìn 1923. Ó bá ìgbà yẹn mu, nígbà tí ọmọ Mùsùlùmí ń di Kìrìsìtẹ́nì kó tó lè kàwé. Lónìí, ọmọ tí kò bá bá ẹlẹ́sìn kejì jókòó, ẹnu oníwàásù nìkan ni yóò ti gbọ́ nípa rẹ̀. Jíjókòó pọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe: àwọn ilé ẹ̀kọ́ Hand in Hand ní Ísírẹ́lì ń kó ọmọ Júù àti Lárúbáwá sínú kíláàsì kan, pẹ̀lú èdè méjì. Tiwa ò tilẹ̀ nílò ògbufọ̀: ọmọ ìyá kan náà lè jẹ́ Súlè àti Sámúẹ́lì.