Àṣíborí Ọlọ́kadà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, nígbàtí àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí fi agbára mú òfin àṣíborí ṣẹ ní Nàìjíríà, àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá, àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà. Ẹ̀rín pọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dé igbá, ojú ẹ̀ṣọ́ ni ó fẹ́ bò, kì í ṣe orí ara rẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1935, T. E. Lawrence, ọmọ-ogun olókìkí nì, yà fún ọmọdékùnrin méjì tí ń gun kẹ̀kẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣubú lórí alùpùpù rẹ̀ láìdé àṣíborí, ó sì kú ní ọjọ́ kẹfà. Hugh Cairns, ọ̀kan nínú àwọn oníṣègùn tí ó tọ́jú rẹ̀, kò fi ọ̀ràn náà sílẹ̀ ní ibi ìsìnkú. Ó wádìí irú ikú bẹ́ẹ̀ títí, ó kọ ìwé lé e lórí ní 1941. Ní ọdún náà ni ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì sọ àṣíborí di dandan fún àwọn ońṣẹ́ rẹ̀ tí ń gun alùpùpù.

Bí ọ̀kadà bá ṣubú ní ọ̀nà Ìlobù sí Òṣogbo, a ó gbọ́ pé, “Àmúwá Ọlọ́run ni.” Àwa gbà pé ẹ̀mí wà ní ọwọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kan náà ni ó pàṣẹ nípa Mósè pé kí onílé mọ odi yí òrùlé rẹ̀ ká. Bí ẹnìkan bá ti ibẹ̀ ṣubú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ di ti onílé. Ẹni tí ó gbé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta sẹ́yìn láìsí àṣíborí, onílé ni. Òbí tí ó san owó ọkọ̀ náà ńkọ́?