Ta Ló Ni Orúkọ Fíìmù?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kọ àyọkà nípa fíìmù kan sínú Wikipedia, ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ilé ta ni a ó wò? Ṣé ilé ẹni tó ṣe fíìmù náà ni, àbí ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń pè é? Ọ̀rọ̀ yìí dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ ìwé ìmọ̀ náà máa ń jiyàn lé irú rẹ̀ lórí gan-an. Èrò tèmi ni pé ẹni tó ni iṣẹ́ ló ni orúkọ, ṣùgbọ́n ojúṣe ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni láti kọ ọ́ bó ṣe yẹ.

Ẹ jẹ́ kí a fi fíìmù kan ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 2022, fíìmù Biyi Bándélé jáde lórí Netflix. Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni "Elesin Oba: The King's Horseman". Ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ láyé ìjọba òyìnbó, láàárín ọdún 1940 sí 1950, ló bí ìtàn náà. Aláàfin wàjà, ìjòyè tó ń jẹ́ Olókùn-ẹṣin sì gbọ́dọ̀ bá a lọ gẹ́gẹ́ bí àṣà. Òyìnbó aláṣẹ dá a dúró, ni ọmọ rẹ̀ bá kú dípò rẹ̀. Dúró Ládípọ̀ fi ìtàn yìí ṣe eré ní 1964, ó pè é ní Ọba Wàjà. Wọlé Ṣóyínká gbé tirẹ̀ jáde ní 1975, ó pè é ní Death and the King's Horseman. Inú ìwé Ṣóyínká ni fíìmù Bándélé ti wá.

Ìtàn kan, orúkọ mẹ́ta. Ọba ni Ládípọ̀ fi síwájú, ikú ni Ṣóyínká kọ́kọ́ dárúkọ, ẹlẹ́ṣin ni Bándélé fi ṣáájú. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ń sọ ohun tí ẹni tó ni ín fẹ́ kí a kọ́kọ́ wò. Nítorí náà, bí mo bá tilẹ̀ rò pé Olókùn-ẹṣin ló bá ìtàn Ọ̀yọ́ mu jù, n kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi í rọ́pò ti Bándélé. Bándélé kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, kí wọ́n tó fi fíìmù náà han àwọn ènìyàn ní Toronto ní oṣù kẹsàn-án. A kò lè bi í léèrè mọ́. Ohun tí ẹni tó ti lọ fi sílẹ̀, ó yẹ kí a ṣọ́ra kí a tó fọwọ́ kàn án.

Àwọn kan á ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, "Elesin Oba" láìsí àmì ni kí a kọ, torí bẹ́ẹ̀ ló wà lára fíìmù náà. Òfin Wikipedia ti èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá fara mọ́ orúkọ tí àwọn ìwé tó ṣeé gbẹ́kẹ̀lé ń lò jù. Àwíjàre yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, torí ọmọ tó ń wá fíìmù náà lórí fóònù, lẹ́tà lásán ni yóò tẹ̀. Àmọ́ ẹlẹ́ṣin ni ẹni tó ń gun ẹṣin, ẹlẹ́sìn ni ẹni tó ń ṣe ẹ̀sìn. Bí a bá yọ àmì kúrò, méjèèjì di ọ̀kan. Ìwé ìmọ̀ tí kò jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ bóyá ẹṣin ni tàbí ẹ̀sìn, ìmọ̀ wo ló fún un?

Kíkọ orúkọ bó ṣe yẹ kì í ṣe yíyí orúkọ padà. Ẹni tó kọ Ẹlẹ́ṣin Ọba kò fún fíìmù náà ní orúkọ tuntun. Bí a ṣe ń fi ẹnu pè é ló kọ. Lórí ojú ìwé Yorùbá, kí Ẹlẹ́ṣin Ọba jẹ́ àkọlé, kí ìlà àkọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára fíìmù, kí "Elesin Oba" sì máa gbé ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lọ sí ojú ìwé kan náà. Wikipedia fàyè gba èyí.

Ìlú tí mò ń gbé jẹ́ ẹ̀rí pé ó ṣeé ṣe. Èjìgbò kan wà ní Oṣòdì-Ìsọlọ̀ ní Èkó, òmíràn wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Bí a bá ń kọ nípa méjèèjì, a kò ní ní kí ọ̀kan fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún èkejì. Ibi tí kálukú wà la ó fi kún un. A lè ṣe àlàyé láìgba orúkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n kí ìjà orúkọ má gba gbogbo agbára wa. Àyọkà tí àkọlé rẹ̀ péye, tí kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́, tí kò dárúkọ Odunlade Adekola tó ṣe ẹlẹ́ṣin, dà bí ọmọ tí a sọ lórúkọ tán tí a kò fún lóúnjẹ.

Ẹni tó bá sì fẹ́ yí àkọlé padà, kí ó gbé ẹ̀rí rẹ̀ wá sí gbangba kí àwọn yòókù lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Wikipedia, ìdí tí ènìyàn mú wá ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe iye ènìyàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó yí i padà láìbá ẹnikẹ́ni sọ ọ́, bó tilẹ̀ jàre, kò tíì ṣe é bó ṣe yẹ. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ la máa ń sáré ṣí ojú ìwé yìí bí olùkọ́ bá fún wa ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Ohun tí a bá bá níbẹ̀ la ó dà kọ, òun náà la ó sì sọ fún àwọn àbúrò wa pé òótọ́ ni.