Ìka Tó Ṣẹ̀ Ni Ọba Ń Gé

Ní 1886, ogun Glele, ọba Dàhòmì, dó ti Kétu. Odi yí ìlú ká, òkìkí ẹnubodè Àkàbà Ìdẹ̀nà sì kàn jìnnà, ṣùgbọ́n ebi fọ́ odi tí ìbọn kò lè fọ́. Wọ́n dáná sun ìlú, wọ́n sì kó àwọn tó ṣẹ́kù, tọmọdé tàgbà, lọ sóko ẹrú ní Àgbómẹ̀, olú-ìlú Dàhòmì. Ìyá arúgbó tí kò gbé idà rí wà lára wọn. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé ará Kétu ni.

Nígbà tí àwọn sójà Faransé tí Ọ̀gágun Dodds kó lẹ́yìn gba Àgbómẹ̀ ní 1892, ìdè já. Àwọn Kétu padà sílé, wọ́n tún ìlú kọ́, wọ́n sì fi Onyegen jẹ Alákétu ní 1894.

Ogún ọdún lẹ́yìn náà, Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́. Jámánì pàdánù Tógò ní oṣù kẹjọ 1914, Dúálà ní Kamẹrúùnù sì bọ́ lọ́wọ́ wọn ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ Jámánì tí ọwọ́ tẹ̀ kì í ṣe jagunjagun: oníṣòwò wà níbẹ̀, míṣánnárì wà níbẹ̀. Faransé kó púpọ̀ nínú wọn wá sí Dàhòmì, wọ́n sì há àwọn kan mọ́ Àgbómẹ̀ kan náà. Ẹni tó tú ìdè ará Kétu ló tún ń di ẹlòmíràn níbẹ̀. Iṣẹ́ agbára nínú oòrùn àti ibà ni wọ́n bá pàdé.

Ìròyìn dé Jámánì, ni àwọn náà bá gbẹ̀san. Ní 1915, wọ́n kó àwọn Faransé tó wà ní ìgbèkùn wọn lọ ṣiṣẹ́ ní àbàtà. Àwọn yìí kò fojú rí Dàhòmì rí, síbẹ̀ àwọn ni wọ́n fi san gbèsè Dàhòmì. Ọdún náà ni Faransé tó kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n wọn kúrò lọ sí Àríwá Áfíríkà.

Ẹ̀yin ará mi, ìyà tí a fi jẹ aláìṣẹ̀ kì í parí sórí rẹ̀. Àwọn àgbà ní ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Lónìí, Kétu wà ní orílẹ̀-èdè Benin, tí í ṣe Dàhòmì àtijọ́, Ìmẹ̀kọ wà ní Nàìjíríà, ẹbí kan náà sì ni wá. Lọ́jọ́ tí ìjọba méjèèjì bá fa ìjà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ aládùúgbò yín di ọ̀tá nítorí ìwé ìrìnnà tó wà lápò rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó ṣe. Bí kò bá ṣe nǹkan, ẹ gbèjà rẹ̀.