Igi Tí Ó Wọ́, Ǹjẹ́ Ó Lè Tọ́ Mọ́?

Àwọn àgbà a máa wí pé kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ àti òbí ti sọ ọ́ di ìdájọ́ pé ẹni tí ó bá ti wọ́ kò lè tọ́ mọ́. Èyí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Ní ọ̀nà oko Ìpáò-Èkìtì wa, ẹ ó rí igi tí ìjì ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí orí rẹ̀ sì tún yí padà sókè. Kò sí ẹni tí ó fi okùn fà á. Àwọn onímọ̀ sọ pé hóró sítáàṣì wẹ́wẹ́ tí ń rọ̀ sísàlẹ̀ nínú ara igi ni ó fi ń mọ̀ pé òun ti tẹ̀. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ igi eléwé gbòòrò a hu igi tuntun sí ẹ̀gbẹ́ òkè. Fọ́nrán rẹ̀ a súnkì, a sì máa fa igi náà dìde díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ ni igi páìnì ń hu tirẹ̀ sí, tí yóò fi ti ara rẹ̀ sókè.

Ní 1906, Ewart àti Mason-Jones ká ìbátan páìnì róbótó bí òrùka. Bí ó bá jẹ́ ìnira títẹ̀ ni ó ń fa igi tuntun náà, inú òrùka nìkan ni ì bá hù sí. Ṣùgbọ́n lápá òkè àti lápá ìsàlẹ̀ òrùka, ojú tí ó kọ sí ilẹ̀ ni ó hù sí. Kì í ṣe ìnira ni igi ń dá lóhùn. Ó mọ ibi tí òkè wà ni.

A lé ọmọ kan kúrò ní ilé kéwú wa nígbà kan nítorí olè. A nà án dáadáa. A kò fi òkè hàn án. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ó padà wá, ó ní òun fẹ́ bá wa kọ́ àwọn ọmọdé. Àwọn kan nínú wa kọ̀.

Òótọ́ ni pé igi àtijọ́ kì í yí padà. Wíwọ́ rẹ̀ wà nínú síbẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ pákó mọ̀ pé pákó irú igi bẹ́ẹ̀ a máa yọ irun lẹ́nu ayùn, a sì máa lọ́. Nítorí náà a kò fún un ní kọ́kọ́rọ́ àpótí owó. Ṣùgbọ́n a fún un ní wàláà àwọn ọmọdé.

Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí a fi ìdájọ́ wa dí ọ̀nà ẹni tí ń dìde. Àmín.