TA NI Ó Ń SANWÓ ÌGBAFẸ́ WA?



Nígbàkúùgbà tí ẹgbẹ́ obìnrin bá ń gbèrò láti lọ ṣe fàájì létí omi, yálà ní Àgodi, ní Ẹlẹ́yẹlé tàbí ní Aṣéjìrè, ìbéèrè kan kì í pẹ́ yọjú: ǹjẹ́ ó yẹ kí abiyamọ fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó lọ jókòó máa wo omi? Àwọn kan á ní ìwà ọ̀lẹ ni. Àwọn mìíràn á ní àṣà àwọn olówó ni, kì í ṣe ti àwa tí a ń wá àtijẹ àtimu kiri Dùgbẹ̀ àti Agbowó.

Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí kò le. Ìsinmi kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Olúwa fúnra rẹ̀ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún un nínú ọ̀sẹ̀. Nígbà tí èrò ń wọ́ tọ Jésù débi pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò ráàyè jẹun, ó kó wọn kúrò níbẹ̀ kí ara lè tù wọ́n, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sì wọ̀ lọ. Àgbẹ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa fi oko sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ kí ilẹ̀ lè lọ́ràá padà. Bí ilẹ̀ bá nílò ìsinmi, kí ni kí á sọ nípa ìyá tó jí láti ìdájí, tó dáná, tó wẹ ọmọ, tó wọ ọkọ̀ láti Challenge lọ sọ́jà, tó sì tún padà wá dáná alẹ́?

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì wà tí a kì í sábà bi ara wa, òun gan-an ló sì le: ta ni ó ń sanwó ìgbafẹ́ wa? N kò sọ owó ọkọ̀ tàbí owó ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí wàhálà ìgbádùn wa yóò já lé léjìká nígbà tí a bá ti darí sílé ni mo ń sọ. Ìsinmi tí a gbé ẹrù rẹ̀ lé ẹlòmíràn lórí kì í ṣe ìsinmi mọ́, ìrẹ́jẹ ni.

Ẹ jẹ́ kí a ti ilé bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ń lọ sí ìgbafẹ́, ta ló ń jí ní òru láti se ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín? Ta ni kò ráàyè wo omi títí ọkọ̀ fi gbéra padà, nítorí pé ó ń bu oúnjẹ, ó ń fọ abọ́, ó ń ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ? Àwọn tí ọjọ́ orí wọn kéré jù nínú ẹgbẹ́ ni, àti ọmọbìnrin tí a mú wá láti abúlé láti máa bá wa ṣiṣẹ́ ilé. Bí àwọn wọ̀nyí kò bá sinmi, ẹgbẹ́ kò tíì sinmi. A kàn gbé ilé ìdáná lọ sí etí omi ni.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ omi fúnra rẹ̀. Àwọn omi tí a ń lọ wò ní Ìbàdàn kò rí bákan náà. Ọgbà Àgodi, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ibi tí a ṣe fún ìgbafẹ́ ni. Omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 bà á jẹ́ gidigidi, ìjọba sì tún un ṣe, wọ́n ṣí i padà ní 2014. A ń sanwó wọlé níbẹ̀, àwọn tó ń gbálẹ̀ sì wà. Ẹlẹ́yẹlé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1942 ni wọ́n sé Odò Ọ̀nà níbẹ̀ kí Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ mu. Nígbà tí ìlú gbòòrò ju omi náà lọ, wọ́n tún sé Odò Ọ̀ṣun ní Aṣéjìrè, lójú ọ̀nà Ifẹ̀. Kì í ṣe nítorí fàájì ni wọ́n ṣe dá àwọn adágún méjèèjì yìí. Omi mímu ni. Afẹ́fẹ́ tútù, ẹyẹ lékèélékèé àti ọkọ̀ apẹja tí a ń rí níbẹ̀, ènì ni.

Nítorí náà, ẹni tó jókòó létí Ẹlẹ́yẹlé, etí àmù aládùúgbò rẹ̀ ló jókòó sí. Láyé àwọn ìyá wa, àmù kì í wọ́n nílé, àlejò sì lè bu omi níbẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dé ilé onílé, tí yóò ti ẹsẹ̀ bọ àmù? Ta ni yóò fọ abọ́ ọlọ́ràá sínú rẹ̀?

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Àìsàn kan wà tí a ń pè ní àtọ̀sí ajá, tó ń mú kí ọmọdé máa tọ ẹ̀jẹ̀. Bí ẹni tó ní i bá tọ̀ sínú omi, ẹyin kòkòrò rẹ̀ yóò pa níbẹ̀, ọmọ kòkòrò náà yóò wọ inú ìgbín kékeré kan tí ń gbé inú omi, yóò dàgbà, yóò tún jáde láti gba awọ ara wọ inú ẹlòmíràn tó tẹsẹ̀ bọ omi náà. Omi tó dúró sójú kan ni ìgbín yìí fẹ́ràn. Nígbà tí wọ́n sé odò Volta ní Akosombo, ní orílẹ̀-èdè Ghana, ní 1965, àìsàn yìí gbilẹ̀ láàárín àwọn tí ń gbé etí adágún náà. Ẹni tó tọ̀ sómi lè má mọ̀ rárá pé òun ní i lára. Yóò padà sí Bódìjà. Ọmọ apẹja tó kù létí omi ni yóò san gbèsè náà.

Ẹnìkan lè sọ pé: omi náà kúkú ti dọ̀tí. Àwọn kan ń fọ aṣọ níbẹ̀, gọ́tà àdúgbò ń ṣàn sínú rẹ̀. Kí ni ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan ṣoṣo tèmi yóò fi kún un? Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìdọ̀tí tó ń bá gọ́tà wá ju ti àwọn olùgbafẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fọ aṣọ níbẹ̀, bóyá kò ní ẹ̀rọ omi nílé. Apẹja ń wá oúnjẹ ọmọ rẹ̀. Àìní ló gbé wọn débẹ̀. Ní tiwa, ó wù wá ni. Ẹni tó ní àyè láti yàn ni a ó bi léèrè jù.

Ní ti ọ̀rá kan ṣoṣo, Ìbàdàn ti rí ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò ńlá rọ̀, Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnya, ó ba afárá jẹ́, àwọn tó kú nínú ìlú sì lé ní 100. Òjò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé tí a kọ́ sójú omi àti pàǹtí tó dí odò wà lára ohun tó fà á. Kò sí ẹnìkan tó dá gbogbo pàǹtí yẹn dà. Díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo wa dà á.

Ohun mìíràn tún ń mú wa gbàgbé. Púpọ̀ nínú wa ní Bódìjà àti Ring Road ló ti gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù. A kò retí omi ìjọba mọ́. Nígbà tí àmù kì í ṣe tiwa mọ́, ó rọrùn láti ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹni tí kò lágbára àtigbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù ló kù tó ń retí ẹ̀rọ.

Ǹjẹ́ kí ìjọba wá fi ọgbà yí gbogbo rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má débẹ̀ mọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń wí? N kò gbà bẹ́ẹ̀. Olówó yóò rí ibòmíràn lọ. Tálákà ni a ó gba ẹwà lọ́wọ́ rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ohun tí a kò mọ̀, a kì í jà fún un. Ọmọ tó ti rí Ẹlẹ́yẹlé, tí ìyá rẹ̀ sì ti sọ fún un pé omi mímu ni, inú yóò bí i lọ́jọ́ tó bá rí ẹni tó ń da pàǹtí sí i.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ bá ń lọ:

1. Kí a gbé ìpapánu tí kò la wàhálà lọ, kí gbogbo wa lè jókòó.

2. Kí a kó ọ̀rá, ike àti àjẹkù padà sílé nínú àpò tí a fi gbé wọn wá.

3. Kí a ti mọ ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà kí a tó gbéra. Kí ọmọdé má tọ̀ sínú omi, kí ó má sì wẹ̀ níbẹ̀.

4. Kí ẹnikẹ́ni má wọ ọkọ̀ láìsí ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, kí àgbàlagbà kan sì máa ka àwọn ọmọ.

5. Bí a bá ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja, kí a san owó tó tọ́. Àwọn ló ń bá omi náà gbé.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ lọ sinmi. Ẹ jókòó létí omi, kí ara ó tù yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá dìde, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bá ìdọ̀tí wa níbẹ̀, kí ẹni tó bá sì ṣí ẹ̀rọ lọ́la rí omi tó mọ́ mu. Kí Olúwa fún wa ní ìsinmi tí kò ni ẹlòmíràn lára. Àmín.