Ǹjẹ́ Àwòrán Sinimá Tó Ẹ̀rí?

Ìròyìn kò tó àfojúbà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ohun tí a fojú rí nínú sinimá ńkọ́? Méjì ni mo yàn nínú àwọn sinimá àràmàǹdà tí mo fẹ́ràn.

Àkọ́kọ́ ni Aiyé, tí Hubert Ògúndé gbé jáde ní 1979, níbi tí òǹwòran ti rí àwọn àjẹ́ ní ìpàdé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àkúrẹ́ bi mí pé, "Sà, bí wọn kò bá sí, báwo ni wọ́n ṣe rí wọn yà?" Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, nítorí irú èrò bẹ́ẹ̀ ni a fi ń nàka sí arúgbó tí ó ń dá gbé.

Èkejì ni Ṣaworoidẹ (1999), tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì darí. Níbẹ̀, ìlù ni ó pa ẹni tí ó fi èrú dé adé. N kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni tìtorí rẹ̀ wá ìlù apani lọ sí ilé aládùúgbò. Ìbéèrè tí ó kù lọ́kàn wa ni pé: kí ni ó tọ́ sí ẹni tí ó fi èrú jọba?

Ní èrò tèmi, bí a ti wo ìlù yẹn ni ó yẹ kí a wo àwọn àjẹ́ inú Aiyé: àmì ni wọ́n, wọn kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹni tí yóò bá dá ọmọnìkejì rẹ̀ lẹ́jọ́, ẹ̀rí ni kí ó wá, kì í ṣe àwòrán.