Ìró Ìkìlọ̀ ní Ilé-Ẹ̀kọ́: Ta Ni Yóò Dá A Lóhùn?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ń ṣọ́ni tí kì í sùn, tí kì í sì í tòògbé. À ń yìn Ín, à ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ẹlòmíràn tí ìjọsìn tọ́ sí lẹ́yìn Allāhu, a sì jẹ́rìí pé ẹrúsìn Rẹ̀ àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni Muhammad. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀, títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin ìjọ onígbàgbọ́ òdodo, a ń sọ fún ara wa, a sì ń sọ fún yín, pé kí a páyà Ọlọ́hun. Ara ìpayà Ọlọ́hun ni pé kí ènìyàn ṣọ́ ohun tí Ó fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Kò sì sí ohun tí Ó fi sí ìkáwọ́ wa ní ìlú Kìṣí yìí tí ó ṣe iyebíye tó àwọn ọmọ wa, tí ń jí lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé-kéwú ní òròòwúrọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ wa lónìí fi dá lórí ohun èlò ìkìlọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́, èyí tí wọn yóò fi ké sí wa ní kíákíá bí ewu bá dé.

Nígbà tí wọ́n kó ọmọbìnrin 276 ní Chibok, ní ìpínlẹ̀ Borno, ní òru ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá rò pé ọ̀rọ̀ òkè Ọya ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, wọ́n kó ọmọkùnrin mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Igbonla, lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì lò ju ọgọ́ta ọjọ́ lọ lọ́wọ́ àwọn ajínigbé. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, wọ́n jí àwọn ọmọ kékeré àti olùkọ́ wọn gbé nínú bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ ní Emùré-Èkìtì. Ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kó ọmọbìnrin 25 ní Maga, ní ìpínlẹ̀ Kebbi, wọ́n sì pa igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Papiri, ní ìpínlẹ̀ Niger, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Niger bá Kwara pààlà, Kwara sì bá wa pààlà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, wọ́n pa àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó márùn-ún ní Olókà, ní Oríire. Igbó ọba Ọ̀yọ́-Ilé tí àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ń ṣọ́ ni igbó tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níhìn-ín. Igi gańgańran má gùn-ún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ẹnìkan lè sọ pé, “Ọlọ́hun ni Aláàbò, kí ni a fẹ́ fi ohun èlò ṣe?” Òtítọ́ ni pé Ọlọ́hun ni Aláàbò. Ṣùgbọ́n Òun náà ni Ó pa wá láṣẹ nínú Súratu Nisáì pé kí a mú ohun ìṣọ́ra wa dání. Nínú súrà yìí kan náà ni Ó ti ṣàlàyé bí a ó ṣe kírun ní àkókò ìbẹ̀rù: bí àwọn kan ti ń forí kanlẹ̀, àwọn kan yóò máa ṣọ́ wọn, lẹ́yìn náà wọn yóò pààrọ̀ ipò. Bí Ọlọ́hun kò bá gbà kí a pa ìṣọ́ tì nítorí ìrun, kí ni a ó fi ṣe àwáwí tí a bá pa á tì nítorí ọmọ? Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sì kọ́ ọkùnrin kan pé kí ó so ràkúnmí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó tó gbáralé Ọlọ́hun.

Ẹ wo èèrà tí Ọlọ́hun dárúkọ nínú Súratu Namli. Ó rí ogun Ànábì Sulaimọ́nù lókèèrè, ó sì ké sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wọ ilé wọn. Ẹ wo sàhábà tí ń jẹ́ Salamah ọmọ Akwa‘. Nígbà tí ó gbọ́ pé wọ́n ti kó àwọn ràkúnmí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun lọ, ó kọjú sí Mẹdínà, ó figbe ìkìlọ̀ bọnu lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gbogbo ìlú sì gbọ́. Ó wá tọ àwọn olè náà lẹ́yìn, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun àti àwọn ẹlẹ́ṣin sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin ará, ohun méjì ni ó wà níbẹ̀: ẹni tí ó ké, àti àwọn tí ó gbọ́ tí wọ́n gun ẹṣin. Bí èkejì kò bá sí, igbe lásán ni ti àkọ́kọ́.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Lẹ́yìn tí agbébọn kan pa ènìyàn 17 ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Parkland, ní Florida, ní ọdún 2018, àwọn ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòfin pé kí ilé-ẹ̀kọ́ ní bọ́tìnnì ìpè pàjáwìrì tí yóò kàn sí ọlọ́pàá láìfi àkókò ṣòfò. New Jersey ṣe é ní ọdún 2019, Florida tẹ̀ lé e ní ọdún 2020. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, agbébọn wọ ilé-ẹ̀kọ́ Apalachee ní ìpínlẹ̀ Georgia. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ti ní káàdì ìdánimọ̀ ọrùn tí bọ́tìnnì wà lára rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì àti olùkọ́ méjì kú lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá dé ọ̀dọ̀ agbébọn náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà gan-an ni iṣẹ́ wọn wà. Ẹni tí bọ́tìnnì ń pè kò jìnnà.

Ẹ wá fi èyí wé ti Chibok. Àjọ Amnesty International sọ pé ó ju wákàtí mẹ́rin lọ tí ìkìlọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ológun kí àwọn ajínigbé tó dé ilé-ẹ̀kọ́ náà. Àwọn ológun sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí ó wù kí ó jẹ́, kò sí agbára tí ó dé ní àkókò tí yóò gba àwọn ọmọ náà sílẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a ń pè yín sí. Èkíní, kí ohun ìkìlọ̀ wà lọ́wọ́ gbogbo òṣìṣẹ́, kì í ṣe ọ̀gá nìkan: olùkọ́, alásè, mágáàdì, àti àwọn àlùfáà tí ń kọ́ni ní ilé-kéwú. Èkejì, kí a má gbára lé ohun kan ṣoṣo. Nẹ́tíwọ̀kì lè lọ, iná lè lọ, ṣùgbọ́n fèrè tí a fi kọ́ ọrùn kì í bèèrè iná. Kí fèrè wà, kí ẹ̀rọ tí ń han gooro tí ó ń lo agbára oòrùn wà, kí nọ́ńbà 112 àti 615 ti ìpínlẹ̀ wa sì wà lórí fóònù gbogbo òṣìṣẹ́. Ẹ̀kẹta, kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan mọ àwọn tí yóò jẹ́ ìpè rẹ̀ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, láàárín ọlọ́pàá, Àmọ̀tẹ́kùn àti àwọn ọdẹ, kí àwọn náà sì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n máa ṣe ìdánrawò ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ mọ ibi tí yóò sá sí àti ẹni tí yóò tẹ̀ lé.

A sọ ọ̀rọ̀ wa yìí, a sì tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún àwa àti ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀, Aláforíjìn ni, Aláàánú ni.

KÚTÚBÀ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin ìjọ, amánà ni ìró ìkìlọ̀. Ọlọ́hun bá àwọn tí ń tan ìròyìn ìbẹ̀rù ká wí nínú Súratu Nisáì, nítorí wọn kò kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ tí ó lè wádìí rẹ̀. Ẹni tí ó fọn fèrè ìkìlọ̀ ṣeré, tàbí tí ó fi irọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé ajínigbé ti wọ̀lú, ó ti ba igbe òtítọ́ ọjọ́ mìíràn jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe sọ ìkìlọ̀ di ohun ìjà sí aládùúgbò rẹ̀, ìbáà ṣe Fúlàní tàbí Bàrìbá. Ìwà ọ̀daràn ni à ń ṣọ́, a kò ṣọ́ ẹ̀yà. Àwọn ọmọ tiwọn náà jókòó nínú kíláàsì kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ wa.

Ẹ̀yin òbí, a mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń rò ó láti dá ọmọ dúró sílé, pàápàá ọmọbìnrin. A kò dá yín lẹ́bi nítorí ìbẹ̀rù yín. Ṣùgbọ́n bí ìbẹ̀rù bá ti ilé-ẹ̀kọ́ wa pa, àwọn ajínigbé ti ṣẹ́gun wa láìyin ìbọn kan. Ìmọ̀ ọ̀ranyàn ni lórí gbogbo mùsùlùmí. Ojúṣe wa ni kí ọ̀nà ibi tí a ti ń wá a má di ọ̀nà ìparun.

Owó tí a bá dá lẹ́yìn ìrun òní ni a ó fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fèrè fún àwọn ilé-kéwú tí kò ní ọgbà. A ó gbé ìyókù lọ síwájú Kábíyèsí Ìba Kìṣí àti ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀. Ẹni tí kò ní owó ní etí, ó sì ní ẹsẹ̀. Kí ó forúkọ sílẹ̀ láàárín àwọn tí yóò jẹ́ ìpè. Ẹni tí ó bá gba ẹ̀mí kan là, Ọlọ́hun sọ fún wa pé ó dà bí ẹni tí ó gba gbogbo ènìyàn là.

Ọlọ́hun, bá wa ṣọ́ àwọn ọmọ wa ní àlọ àti ní àbọ̀. Dá àwọn tí ó wà ní ìgbèkùn padà fún àwọn òbí wọn. Foríjin àwọn olùkọ́ àti àwọn ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n kú sẹ́nu iṣẹ́. Má jẹ́ kí igbe ọmọdé kan dún ní ìlú yìí kí etí wa di. Àmín.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ẹ dìde, ẹ jẹ́ kí a kírun.